Omi Tí A Pín Bí Ogún

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kò jókòó sí ìpàdé omi rí. Èmi jókòó sí i. Mo jókòó sí i títí ìdí mi fi mọ gbogbo ìṣó tó yọrí lára bẹ́ǹṣì kíláàsì tí a ti ń ṣe é ní Jọ́bẹ̀lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kán omi kan ṣoṣo kò tibẹ̀ jáde. Ohun tó tibẹ̀ jáde ni òógùn, itọ́, àti àgékù ẹlẹ́rìndòdò tí eṣinṣin ń bá wa mu. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé "ẹ jẹ́ ká fọwọ́ sowọ́ pọ̀", èébì a fẹ́ gbé mi.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà dà bíi pé mo kàn ń bú ìlú ẹni. Ọ̀rúndún tó kọjá ṣì ku bí ọdún mẹ́wàá ó lé díẹ̀ kó parí. Tíṣà ni mí ní Fìdítì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ọmọ Ìlọrà sì ni ìyàwó mi. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Bí o bá wọ mọ́tò ní Fìdítì, tí ìwọ àti kọ̀ndọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ṣéńjì, ẹ ó ti kọjá Jọ́bẹ̀lẹ̀ kí ìjà tó gbóná, ẹ ó sì dé Ìlọrà kó tó parí. Ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ bí àwọn àgbà ìgbà náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ara wọn, wàá rò pé òkun ló wà láàárín wọn. Ká ní òkun ló tilẹ̀ wà níbẹ̀, à bá kúkú rí omi wò.

Omi ni kò sí. Nígbà òjò, kò burú, kànga ń sun. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá wọlé, kànga á ku ẹrẹ̀ nìkan. Ẹ̀rọ omi àtijọ́ kan wà lẹ́bàá títì lọ́dọ̀ wa tí mi ò rí kó sun omi rí láyé mi. Ewúrẹ́ ló ń fi í họ ara. Ní Ìlọrà, lápá ilé àna mi, adágún kan ni gbogbo wọn ń sáré lọ. Mo ti dé ibẹ̀. Ẹ má bi mí bó ṣe rí bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Màlúù ti sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ ṣáájú àwọn obìnrin, ó sì ti ṣe ohun tí màlúù í ṣe. Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ń gbọ̀n létí rẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò jiná. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi tí a fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀ àná. Ibẹ̀ lèèyàn yóò ti fi ẹ̀yìn igbá ti ohun tó léfòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò bu omi, tí yóò gbé e rù, tí yóò sì gbé e relé lọ mu.

Ìyá ìyàwó mi ń mu ún. Opó ni, gaàrí ló ń yan tà. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, sòbìà á yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ sòbìà, ẹ dúpẹ́. Aràn ni, funfun, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ. Ojú ibẹ̀ á kọ́kọ́ wú, á máa ta bí iná, á bẹ́, orí kékeré kan á sì yọjú láti inú ẹran ara èèyàn bí àlejò tó ń yọjú wo òde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fà á, torí bó bá já sínú, ẹsẹ̀ á rà. Igi ìṣáná ni wọ́n ń ká a mọ́, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ìyá á na ẹsẹ̀ sórí ẹní, igi ìṣáná á wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa fi etí aṣọ lé eṣinṣin. Iná ààrò á kú. Agbada gaàrí á tutù. Àwọn elétò ìlera ti fún un ní asẹ́ aṣọ kan pé kó máa fi sẹ́ omi kó tó mu ún. Ó sẹ́ ẹ, ó sẹ́ ẹ, títí asẹ́ fi ya. Ó fi abẹ́rẹ́ gán an, ó tún ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó gán.

Lọ́jọ́ kan báyìí, mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Òun ló bí ìyàwó mi, síbẹ̀ "ẹ" ló fi ń kí mi, torí àna kì í kéré.

"Tíṣà, ẹ dìde, ilẹ̀ ò mọ́," ló wí. Ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé, ojú rẹ̀ fún pọ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ sọ fún mi. Ṣé mo máa kú kí n tó mu omi tí mi ò ní kọ́kọ́ wo inú rẹ̀ ni?"

Mo ní màá béèrè. Ibi tí mo ti lọ béèrè ni wọ́n ti sọ mí di ọmọ ìgbìmọ̀ omi.

Ìmọ̀ràn tí ìgbìmọ̀ náà dúró lé lórí dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Odò kan wà tí kì í gbẹ. Ó jìnnà sí gbogbo wa, kò sì sí ìlú kan tó lágbára láti dá a dí. Kí Fìdítì, Ìlọrà àti Akínmọ̀ọ́rìn, ìlú kékeré tó múlé gbè wá, dáwó jọ, kí a dí odò náà, kí ẹ́ńjìnnì máa fa omi rẹ̀ lọ sínú táńkì ńlá lórí òkè, kí páìpù sì máa pín in wá sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alága wa jẹ́ bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn, tí í wọ kóòtù nínú ooru tí adìyẹ ń la ẹnu sí.

"Ọmọ bàbá kan ni gbogbo wa," ló fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

A pàtẹ́wọ́. A ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló máa pa wá. Bí Yorùbá bá ti gbọ́ "ọmọ bàbá kan", ogún ló kù kí wọ́n pín.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí bàbá olórogún bá kú, ọ̀nà méjì là á gbà pín ohun tó fi sílẹ̀. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan á gba òkìtì kan, ìbáà ṣe pé ìyá yẹn bí ẹyọ kan tàbí odindi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Bí a bá pín in ní orí-ò-jorí, iye orí ni a óò wò. Àwọn ìlú ńlá ní ìdáwó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdí-igi, kí ìlú kọ̀ọ̀kan dá iye kan náà. Àwọn ará Akínmọ̀ọ́rìn ní rárá, àwọn kéré, orí-ò-jorí ni. Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bí omi fúnra rẹ̀ ṣe máa ṣàn, gbogbo wọn pààrọ̀ àga. Ẹni tó fẹ́ ìdí-igi nígbà owó ti fẹ́ orí-ò-jorí nígbà omi, ẹni tó fẹ́ orí-ò-jorí ti wá fẹ́ ìdí-igi.

Mo nawọ́. "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ dákun, ta ló kú? Ogún ta là ń pín?"

Bàbá onírùngbọ̀n kan wà tó jẹ́ agbẹnusọ Fìdítì. Ó yíjú sí mi. "Tíṣà, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọkọ Ìlọrà a máa sinmi. Ṣé wọ́n ti fún ọ ní ẹ̀bà lọ́hùn-ún ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, nítorí lóòótọ́, wọ́n ti fún mi ní ẹ̀bà.

Báyìí la ń ṣe é, ìpàdé lé ìpàdé. Mo sì ṣàkíyèsí ohun kan tó kọ́kọ́ ń pa mí lẹ́rìn-ín kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí mi lára: ní gbogbo ìpàdé tí a ṣe lórí omi, ẹnikẹ́ni kò mu omi rí. Ẹlẹ́rìndòdò ni. Bí wọn ò bá tíì gbé e dé, ọ̀fun alága á gbẹ, kò ní lè ṣí ìpàdé. Bó bá dé, wọ́n á mu ún tán, wọ́n á gùnfẹ̀, wọ́n á sún ìpàdé síwájú.

Síbẹ̀, nígbà tó yá, ìdáwó parí, a ra ohun èlò. Ẹ́ńjìnnì dé, páìpù dé, irin pẹlẹbẹ tí wọn yóò tò di táńkì dé. Níbo ni ká kó wọn sí? Fìdítì ò gbẹ́kẹ̀ lé Ìlọrà. Ìlọrà ò gbẹ́kẹ̀ lé Fìdítì. Akínmọ̀ọ́rìn ò gbẹ́kẹ̀ lé àwọn méjèèjì. Alága dìde, ó fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀.

"Ìdí-igi," ló wí. "Kí Fìdítì gbé ẹ́ńjìnnì lọ sílé. Kí Ìlọrà kó páìpù. Kí Akínmọ̀ọ́rìn kó irin táńkì. Ẹnì kan ò ní lè dá omi mu lẹ́yìn ẹnì kejì."

"Ọgbọ́n nìyẹn!" ni bàbá onírùngbọ̀n pariwo. "Orí ń bẹ lọ́rùn yín!"

Wọ́n kó o lọ. Ó wá ku kí a kó gbogbo rẹ̀ padà sí etí odò kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni a dúró sí. Ta ni yóò kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ lọ? Bí ó ti wà nílẹ̀ wa láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, àbúrò ló ń gbé ẹrù wá bá ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ẹrù dé etí odò, tó dúró de àwọn yòókù, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni àbúrò. Kò sí ìlú tó fẹ́ jẹ́ àbúrò. Ẹ gbà mí! Nítorí pé àgbàlagbà ò fẹ́ dé odò ṣáájú, ọ̀gbẹlẹ̀ kan kọjá, òmíràn tún wọlé.

Ohun èlò ò kúkú jókòó lásán. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ti rí iṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì níbi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́. Orí irin táńkì ni wọ́n ń sá èlùbọ́ sí, ó sì ń yára gbẹ níbẹ̀ dáadáa. Páìpù wà lórí pápá ní Ìlọrà, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀, ọkùnrin tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n sì ń fi í ṣe ògiri. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí àna mi ni mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo sì ń dí imú.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, ìgbìmọ̀ pinnu pé àwọn yóò lọ káàkiri wo ohun èlò bóyá ó ṣì pé. Ìyá gbọ́ pé a ń bọ̀ ní Ìlọrà. Ó ránṣẹ́ sí mi: "Tíṣà, ẹ kó wọn yà sọ́dọ̀ mi. Wọn ò lè wá sí ìlú mi kí wọ́n má mu omi."

Mo kó wọn yà. Alága wọlé pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, bàbá onírùngbọ̀n tẹ̀lé e, àwọn yòókù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá jókòó sórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú, àkísà mímọ́ wà lọ́rùn ẹsẹ̀, igi ìṣáná yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó kí wọn, ó kí ilé wọn, ó kí ọ̀nà wọn. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí ìyàwó mi gbé omi wá fún àlejò. Ife tánganran funfun ni, èyí tí kì í gbé síta fún ẹni yẹpẹrẹ. Bí a ti í ṣe nílẹ̀ wa, onílé ní í kọ́kọ́ tọ́ omi wò kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí ohun burúkú níbẹ̀. Ìyá tọ́ ọ wò. Ó gbé e mì, ó nu ẹnu, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí alága.

Alága wo inú ife. Èmi náà wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ohun kan ń yí níbẹ̀, bóyá ewé ni, bóyá kì í ṣe ewé.

"Ìyá, ẹ ṣeun," ló wí. "Ààwẹ̀ ni mò ń gbà."

"Ààwẹ̀ kẹ̀?" ni bàbá onírùngbọ̀n já lu ọ̀rọ̀. "Onítẹ̀bọmi, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Òróró mọ́ín-mọ́ín ṣì ń dán létè yín."

"Ó dáa, ẹ̀yin ẹ gbà á," ni alága dá a lóhùn, ó sì ti ife sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá onírùngbọ̀n. Ó di ife mú bí ẹni di ọ̀pọ̀lọ́ mú. "Dókítà... dókítà ní omi tútù ò bá mi lára mu."

"Kò tutù," ni Ìyá wí.

Ó gbé ife kan ètè, ó sì gbé e sílẹ̀ kíá. Mo rí i bó ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè rẹ̀, tó tún fi ọwọ́ náà nu agbádá, tó wá ń wo agbádá bíi pé ó fẹ́ bọ́ ọ sọnù. Àwọn ará ẹnu ọ̀nà ti rántí pé àwọn ní nǹkan í wò níta.

Ìyá gba ife rẹ̀. Kò pariwo. "Kò burú. Mo ti tọ́ ọ wò fún yín," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́ ọ wò fún yín. Ẹsẹ̀ mi nìyí."

Kóòtù alága bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná sí i. Ó búra níbẹ̀, ó fi Ọlọ́run búra, pé ọyẹ́ mìíràn kò ní fẹ́ kí omi tó dé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Wọ́n ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí. Èmi rò pé egbò náà ti wá dé iwájú olúgànbe fúnra rẹ̀ tí yóò wò ó sàn.

Ìpàdé tó tẹ̀lé e gbóná dáadáa. Wọ́n ní kí gbogbo ìlú gbé ẹrù lọ sí odò lọ́jọ́ kan náà, láàárọ̀ kan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe àbúrò. Ọjọ́ pé. Ṣé ẹ rò pé wọ́n gbéra? Ìlú kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ rán ọlọ́kadà kan jáde kó lọ yọjú wò bóyá àwọn yòókù ti gbéra. Àwọn ọlọ́kadà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní Jọ́bẹ̀lẹ̀.

"Ẹ ti gbéra ní tiyín?"

"Rárá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Rárá o. Ẹ̀yin ni a ń wò."

Wọ́n jẹ àkàrà pa pọ̀, wọ́n ṣẹ́rí padà, kálukú sì lọ jíṣẹ́ nílé rẹ̀ pé àwọn yẹn ò tíì kúrò lójú kan. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí iṣẹ́ omi wa ṣe parí nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn ni mo lọ sẹ́yìn kíláàsì mi, mo tu itọ́ sílẹ̀, mo sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá kò fi ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀ ní tirẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jiná díẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí.

"Tíṣà, ẹ lọ gbé páìpù kan wá fún mi."

"Ìyá, ohun ìlú ni."

"Èmi kì í ṣe ará ìlú ni? Mo dáwó. Wọ́n ní ìdí-igi ni àwọn fi pín in. Nínú ìdí-igi Ìlọrà, orí tèmi dà?"

Èmi àti ìyàwó mi lọ gbé e lójú ọ̀sán gangan, gbogbo ayé ń wò wá, ẹnikẹ́ni kò béèrè. A fi ọṣẹ àti yanrìn fọ ẹyin adìyẹ àti ohun mìíràn tí mi ò ní dárúkọ kúrò lára rẹ̀. Ike ni páìpù náà. Káfíńtà là á sí méjì ní òòró, ó gbé e kọ́ sábẹ́ etí páànù ilé, ó darí rẹ̀ sẹ́nu dúrọ́ọ̀mù. Bí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀, Ìyá á jẹ́ kó fọ páànù dànù ná. Èyí tó bá tẹ̀lé e ló ń gbà. Ó ní dúrọ́ọ̀mù kan, ó ní méjì, ó ní ìkòkò ńlá pẹ̀lú ọmọrí. Omi adágún di ti ìfọṣọ. Ti òjò, mímu nìkan ni, ó sì ń ṣọ́ ọ lò bí ẹni ń ṣọ́ òróró.

Ọyẹ́ tó tẹ̀lé e, ọ̀kan ṣì yọ, nítorí èyí tó ti wà lára kò ní ṣàì jáde. Ọyẹ́ tó tẹ̀lé ìyẹn, mo dé Ìlọrà, mo bá a lórí ìdúró, ó ń yan gaàrí, èéfín bò ó lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì dán. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eérú.

Ọdún díẹ̀ sí i, alága wá bá wọn kẹ́dùn ní agboolé kejì. Oòrùn mú, kóòtù wà lọ́rùn. Ó yà láti kí Ìyá. Èmi náà wà níbẹ̀. Ìyá gbé ife tánganran funfun jáde, ó ṣí ìkòkò, ó bu omi, ó tọ́ ọ wò, ó nà án sí i. Alága wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó rí ìdí ife. Ó mu ún, ó mu ún tán, ó sì ní kí wọ́n tún bu òmíràn wá.

"Ìyá, omi yìí dùn. Níbo lẹ ti ń pọn ọ́n?"

Ìyá fi àgbọ̀n júwe òkè. Alága gbójú sókè. Ó dìde, ó sún mọ́ etí páànù, ó fi ìka kan páìpù náà.

"Èyí ò ha jọ páìpù wa?"

"Òun ni," ni Ìyá wí.

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ ti ń múra láti bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀ bó ti máa ń ṣe bó bá fẹ́ ṣí ìpàdé, omi Ìyá sì ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀.

"Ohun àjọni ni, Ìyá. Ẹnì kan kì í dá a lò. Mo máa ní láti pe ìpàdé lé e lórí."

Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má baà sọ ohun tí àna kì í sọ nílé àna. Ìyá ní tirẹ̀ kàn na ọwọ́, ó gba ife rẹ̀ lọ́wọ́ alága, ó fi eérú fọ̀ ọ́ lójú rẹ̀, ó ṣàn án, ó sì dojú rẹ̀ dé orí ọmọrí ìkòkò.

Wọ́n pe ìpàdé náà lóòótọ́. Ìwé ìpè dé ọ̀dọ̀ mi ní Fìdítì. Mo mú un lọ fún Ìyá, mo bi í bóyá ó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí n bá òun sọ níbẹ̀.

Ó da gaàrí kún agbada, kò wojú mi. "Ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ń bọ̀ wá gbà á, kí wọ́n wá nígbà òjò," ló wí. "Kí kálukú gbé korobá dání."